Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣàlàyé Bésíbọ́ọ̀lù Títí Ilẹ̀ Á Fi Mọ́ Láìsọ Nǹkan Kan

Iṣẹ́ ọlọ́dẹ òru ni mò ń ṣe ní Houston, ní ilé ìkẹ́rù kan. Tí wọ́n bá ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Los Angeles, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá lọ́dọ̀ tiwa kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, nítorí náà èmi àti tẹlifíṣàn kékeré orí tábìlì la jọ ń ṣọ́ ẹrù. Ìgbà 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún, kí àṣekágbá tó dé rárá. Ẹni tó bá gbọ́ àlàyé tó bẹ́ẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní mọ iṣẹ́ aláàlàyé. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń jókòó ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, tí wọ́n gbà pé kó máa sọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù yìí dáadáa nígbà tirẹ̀, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ìgbà tó gbé igi sílẹ̀ tó gbé gbohùngbohùn ni wàhálà dé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò wò ó rí, ẹ gbọ́ kíá. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan mú igi tó fẹ́ lù ú. Tó bá lù ú tó bọ́ sáyè, á sáré lọ sí bésì àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, títí á fi yí dé ilé. Àmì ayò kan nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá mú, ó kú, bí àwa náà ṣe ń wí nínú eré ọmọdé. Tí ẹni mẹ́ta bá kú, àwọn tó ń lù á lọ ṣọ́ pápá, àwọn tó ń ṣọ́ pápá á wá lù. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń lù, inning ni wọ́n ń pe ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyókù dọwọ́ aláàlàyé.

Gbólóhùn tí ẹ máa kọ́kọ́ há sórí ni èyí tí ayé ò lè já nírọ́. "Lálẹ́ yìí, tí ajùbọ́ọ̀lù yìí bá ń ju bọ́ọ̀lù síbi tó fẹ́, ó máa dáa fún un. Àmọ́ tí kò bá jù ú síbi tó fẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà." Ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bíi babaláwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí odù tó le. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè wọra. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní nǹkan mẹ́ta ló máa pinnu eré yìí, kí ẹ ka méjì. Ọ̀gá mi kì í kà ju méjì lọ. Ìkíní, kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù dáadáa. Ìkejì, kí ajùbọ́ọ̀lù má ṣe jù ú burúkú. Ìkẹta, ẹnì kan á gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá, a ò sì ní gbúròó ìkẹta mọ́ láéláé.

Ẹ má mú ìwé àti bírò dání o. Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, àgbà ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Kúbà, kò lè wo bésíbọ́ọ̀lù láìmú ìwé. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù ló ń fàmì sí. Ẹni tó bá ju igi sófo tó fi kú, K ló máa kọ. Ẹni tó bá dúró tẹtẹrẹ tí bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn kọjá lójú rẹ̀, á kọ K tó kọ ẹ̀yìn síwájú. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọ̀gá mi ní ajùbọ́ọ̀lù kan ń jìyà nítorí pé kì í ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ síbi tó yẹ. Bàbá ará Kúbà yí ìwé sí mi, ó fi bírò kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: nínú ẹni mọ́kànlá tó ti mú igi, mẹ́sàn-án ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọn gba ibi tó yẹ. Ẹ wá rí i pé ìwé léwu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní momentum, èyí tí èmi ń pè ní ara gbígbóná. Òun ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù. Tí ẹgbẹ́ kan bá borí, ẹ ní ara wọn ti gbóná. Tí wọ́n bá pàdánù lọ́jọ́ kejì, ẹ ní ara àwọn tọ̀hún ló gbóná. Kò sẹ́ni tó máa fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n.

Àwọn èèyàn burúkú kan lè wá fi oṣù October 2004 dí yín lẹ́nu, nítorí náà ẹ mọ ìtàn ọ̀hún. New York Yankees ti na Boston Red Sox lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló máa lọ sí àṣekágbá. Ìkẹta nínú rẹ̀, inú ilé Boston gan-an ni wọ́n ti nà wọ́n, 19 sí 8. Tí ara bá ń gbóná lóòótọ́, ti New York ì bá ti gbiná lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ìkẹrin, wọ́n dé inning kẹsàn-án, New York ṣì ń ṣáájú 4 sí 3, Mariano Rivera ló sì ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó jẹ́ pé tó bá ti jáde, àwọn mìíràn á ti máa wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kevin Millar mú igi. Rivera ju mẹ́rin tí kò gba ibi tó yẹ, Millar bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí bésì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Boston yọ ọ́, wọ́n fi Dave Roberts sípò rẹ̀, kò sì sí ọmọ ìyá ẹnì kan nínú pápá tí kò mọ̀ pé eré ló fẹ́ sá. Rivera ju bọ́ọ̀lù sí bésì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti fi dá a dúró. Bó ṣe kọjú sí ẹni tó mú igi báyìí, Roberts ti fò, ó fi bíńtín ṣáájú ọwọ́ tó fẹ́ kàn án ní bésì kejì. Bill Mueller lu bọ́ọ̀lù gba àárín, Roberts wọlé, ó di 4 sí 4. Torí ọ̀mì náà, wọ́n gbá a kọjá inning mẹ́sàn-án. Ní inning kejìlá, David Ortiz ti Boston gbá home run, ìyẹn ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá, eré parí. Boston borí mẹ́ta tó kù, wọ́n tún na St. Louis mẹ́rin sí òdo ní àṣekágbá, ife àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà láti 1918. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan nínú bésíbọ́ọ̀lù ńlá Amẹ́ríkà tó ti òdo sí mẹ́ta padà bọ̀ ṣáájú wọn.

Ara gbígbóná 19 sí 8 yẹn dà? Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó ti kúrò lára New York, ó ti bọ́ sára Boston. Tí wọ́n bá ní aago mélòó ló kúrò, ẹ wo ojú ọ̀run, kí ẹ ní ó jọ pé òjò ń bọ̀.

Ẹ rí ìrìn ọ̀fẹ́ tí Millar rìn yẹn? Ìwà àìnígboyà ni kí ẹ máa pè é. Ọ̀gá mi gbà pé ẹni tó bá rìn lọ sí bésì ń dí ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti wo pápá náà títí, mi ò mọ ẹni tó ń dí lọ́nà, nítorí bí iwájú bá ṣe ń kún náà làwọn àmì ayò ń sún mọ́lé. Ní 2004 kan náà yìí, ìgbà 232 ni Barry Bonds, alùbọ́ọ̀lù San Francisco Giants, rìn lọ́fẹ̀ẹ́, 120 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí àwọn alátakò mọ̀ọ́mọ̀ fún un. Nínú ìgbà mẹ́wàá tó bá mú igi, ó máa ń dé bésì lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀gá mi á ní kó lu bọ́ọ̀lù, owó ìlù ni wọ́n ń san fún un.

Home run náà, ẹ lè bá a wí. Ẹni méjì wà lórí bésì, ẹni kẹta gbá home run, àmì ayò mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kẹ́dùn. Ẹ ní ó ti pa iná tí wọ́n ń dá, nítorí kò sẹ́ni lórí bésì mọ́. Mo ti fetí ara mi gbọ́ ọ. Àkàsọ̀ ni mo bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rín ló gbé mi ṣubú.

Bọ́ǹtì ni kí ẹ fẹ́ràn. Ẹni tó mú igi á rọra fi gba bọ́ọ̀lù kó bọ́ síwájú rẹ̀, òun á kú, kí ẹni tó wà ní bésì àkọ́kọ́ lè sún dé ìkejì. Ikú rere ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń ṣírò ti ka inning tí kò lóǹkà. Tí ẹnì kan bá wà ní bésì àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kú, ẹgbẹ́ máa ń rí bí 0.9 àmì ayò kí inning náà tó parí. Tí ẹni náà bá wà ní bésì kejì àmọ́ tí ẹnì kan ti kú, ó já sí bí 0.7. Ìyẹn ni pé ẹ ra ibùsọ̀ kan, ẹ sì san ju iye rẹ̀ lọ. Ó láyè tirẹ̀ o, pàápàá ní inning tó kẹ́yìn, nígbà tí àmì ayò kan ṣoṣo bá tó, tí ẹni tó mú igi ò sì mọ̀ ọ́n lù. Bàbá ará Kúbà fẹ́ràn bọ́ǹtì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi àti ẹ̀ ti fẹnu kò pé Changó tirẹ̀ àti Ṣàngó tèmi, ọ̀kan náà ni. Lórí bọ́ǹtì la ò tíì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n òun á dárúkọ ẹni tó ń jù, ẹni tó mú igi, ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ á mọ ibi tí ẹ ti lè bá a jiyàn. Ọ̀gá mi ní bí wọ́n ṣe ń gbá a láyé àtijọ́ nìyẹn. Ó tán.

Ní ti ajùbọ́ọ̀lù, iye ìgbà tó borí nìkan ni kí ẹ máa kà. Ní 2018, Jacob deGrom ti New York Mets kò jẹ́ kí wọ́n rí ju àmì ayò 1.70 tó jẹ́ ẹ̀bi tirẹ̀ ní inning mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún un, wọ́n wá kọ 10 sí ìborí rẹ̀, 9 sí ìpàdánù. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Cy Young lọ́dún náà, èyí tí wọ́n ń fún ajùbọ́ọ̀lù tó dáa jù. Ẹ ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń borí. Ẹ ní àyà rẹ̀ ò gbó.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá fi irú nọ́ńbà báyìí dojú kọ yín, ẹ bi í léèrè bóyá ó gbá bésíbọ́ọ̀lù rí. Bill James, àgbà láàárín àwọn tó ń fi nọ́ńbà ṣàlàyé bésíbọ́ọ̀lù, ò gbá a nípò gíga rí. Ọlọ́dẹ òru ni, bíi tèmi, ní ilé iṣẹ́ kan ní Lawrence, Kansas, tí wọ́n ti ń di ẹ̀wà sínú agolo. Òru yẹn ló fi ń ka nọ́ńbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1977. Nígbà tí 2002 ń parí lọ, Boston gbà á síṣẹ́. Ẹ ti mọ ohun tí Boston ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Èmi ò sọ pé òun ló ṣe é, mo kàn fẹ́ kí ọ̀gá mi mọ̀ pé a wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì ń gbọ́.

Ìdíwọ́ kan ṣoṣo ló dé sí iṣẹ́ yìí. Láti 2023 ni wọ́n ti gbé aago síwájú ajùbọ́ọ̀lù: ìṣẹ́jú àáyá 15 ló ní tí kò bá sẹ́ni lórí bésì. Eré tó ń gba wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 2021 wálẹ̀ sí wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ní 2023. Ìdajì wákàtí ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà lẹ́nu wa. Ẹ má torí ìyẹn gé gbólóhùn yín kúrú. Ẹ máa sọ ọ́ lọ bí bọ́ọ̀lù ti ń kọjá.

Tí nọ́ńbà bá yọ lójú tẹlifíṣàn tó lòdì pátápátá sí ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì yíjú sí yín, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ní ó rán yín létí alẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀yin náà ń gbá a, ní ìlú kan tó tutù. Ẹ ṣàpèjúwe òtútù náà. Ẹ dárúkọ oúnjẹ tí ẹ jẹ. Tí ìtàn náà bá fẹ́ parí, ẹ mú ẹlòmíì wọ inú rẹ̀. Ní ojú pápá, ẹni kẹta á kú, wọ́n á gbé ìpolówó ọkọ̀ akẹ́rù sí i, ẹ ti yọ nìyẹn.