Bí a ṣe ń ṣírò ìnáwó àti èrè kí a tó lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́

Bí ọmọ bá sọ pé iṣẹ́ tíṣà lòun fẹ́ lọ kọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé èló lowó iléèwé. Ìbéèrè náà ò burú, àmọ́ owó iléèwé nìkan kọ́ ló ń gbọ́n àpò gbẹ. Ọdún mélòó ni yóò lò kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé? Ta ni yóò sì san án? Ibẹ̀ ni ìṣirò wà. Ẹ mú bírò àti ìwé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ọ̀nà

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. NCE jẹ́ ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, irú èyí tó wà ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, l'Abẹ́òkúta. Òun ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fọwọ́ sí fún olùkọ́. Dígírì jẹ́ ọdún mẹ́rin fún ẹni tó gba JAMB wọlé, àti ọdún mẹ́ta fún ẹni tó fi NCE gba Direct Entry.

Ẹni tó ṣe NCE kó tó ṣe dígírì yóò lo ọdún mẹ́fà, ó sì dà bíi pé ó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n NYSC, ìyẹn ìsìnlú ọlọ́dún kan lẹ́yìn dígírì, ò kan ẹni tó jẹ́ pé NCE nìkan ló ní. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti lè máa gbowó oṣù, kó máa fi ọlidé gígùn ṣe dígírì onísáńwíìṣì. Ilé tí owó ò bá fi bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀nà yìí ni màá ní kí wọ́n gbà. Ẹni tó bá lẹ́ni tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lè gba yunifásítì lọ tààrà, kó sì fi ọdún kan kún ìṣirò nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi daṣẹ́ sílẹ̀, owó yàrá àti oúnjẹ ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀

Owó iléèwé, owó ìgbàwọlé, yàrá, oúnjẹ, ìwé, owó ọkọ̀. Ìwọ̀nyí ò ṣàjèjì. Èyí tí kì í sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni ni TP, ìyẹn àsìkò tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ni níléèwé. Wọn kì í sanwó fún un, òun ló ń náwó: páálí, máákà àti gọ́ọ̀mù tí yóò fi ṣe àwòrán ìkọ́ni, ìwé tí yóò máa kọ ètò ẹ̀kọ́ sí, aṣọ tó bójú mu, àti owó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Bí iléèwé tí wọ́n gbé e lọ bá jìnnà sí yàrá rẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan lè ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ fi owó àṣekágbá náà kún un: títẹ̀ àti dídì ìwé ìwádìí, àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń fún olùkọ́ ní láísẹ́ńsì.

Bí ó bá jẹ́ iléèwé ìjọba, ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, wà, kò sì ní èlé. Iléèwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù. Gbèsè ṣì ni o: bó bá ríṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀bùn 75,000 náírà ní sẹ́mẹ́sítà fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba. Bó bá wọlé, ẹ dúpẹ́. Ẹ má fi sínú ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wádìí ẹni tí yóò sanwó oṣù

Níléèwé ìjọba, NCE máa ń bẹ̀rẹ̀ ní level 7 (ìpele owó oṣù ìjọba), dígírì ní level 8. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ tirẹ̀ di 85,000. Owó ìfẹ̀yìntì wà, kọpuréétíìfù wà tí tíṣà lè yáwó kọ́lé níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti gba òfin ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ti 2022 wọlé, tíṣà lè ṣiṣẹ́ títí dé ọmọ ọdún 65. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọdọọdún ni wọ́n ń gba èèyàn.

Aládàáni ní tirẹ̀ ń gba èèyàn nígbàkigbà, ṣùgbọ́n òfin owó oṣù yẹn ò mú agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Ẹ wá tíṣà tó ti pẹ́ díẹ̀ níbi tí ẹ ń fojú sí, kí ẹ fọ̀wọ̀ bèèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló gan-an ní ń wọ báǹkì yín lóṣù? Ṣé wọ́n ń san ti Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà ọlidé?"

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pa á pọ̀

Iye tí mo lò níbí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní NCE ná Bọ́lá ní 1,200,000 náírà. Iṣẹ́ ìtajà tó fi sílẹ̀ ń ku 30,000 sí i lọ́wọ́ lóṣù. Fún oṣù 36, ìyẹn 1,080,000. Àpapọ̀ 2,280,000.

Bó bá ríṣẹ́ ìjọba tó ń ku 75,000 sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn owó ọkọ̀, èrè ìwé rẹ̀ jẹ́ 45,000, nítorí yóò ti máa rí 30,000 tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù 51, owó rẹ̀ ti padà. Bó bá jẹ́ aládàáni tó ń san 50,000, tí owó ọkọ̀ sì jẹ́ 1,000 lọ́jọ́ fún ọjọ́ 22, ohun tó kù ni 28,000. Kò tó ti ìtajà. Owó náà ò ní padà láé, àfi bó bá ń ṣe lẹ́sìn (kíkọ́ ọmọ níwèé lẹ́yìn iléèwé) nírọ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tún sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ẹ yàn wò

Bí ìṣirò ò bá jáde, ẹ wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ọmọ fẹ́ máa kọ́ni kí ẹ tó ní kó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ni àwọn òbí ń wá fún lẹ́sìn. Láti oṣù Kejì 2023 pẹ̀lú, olùkọ́ Nàìjíríà tó ní dígírì, tó sì ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè fún ọmọ ọdún 11 sí 16, lè bèèrè fún ìwé àṣẹ olùkọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. NCE nìkan ò tó fún ìyẹn.