Apá Wo, Báwo, Oṣù Mélòó? Ìtọ́sọ́nà Lórí Egbòogi àti Aboyún

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbin egbòogi, ẹ̀yin tí ẹ ń já a tà, àti ẹ̀yin tí aboyún tàbí ìyá ọmọ tuntun wà nílé yín. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi wá ṣáá: "Ṣé ewé yìí dára fún aboyún?" A kì í lè dáhùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. A ní láti kọ́kọ́ mọ apá ibo lára igi náà ni wọ́n fẹ́ lò, bí wọ́n ṣe sè é tàbí bí wọ́n ṣe rẹ ẹ́, àti iye oṣù tí oyún náà ti pé. Ohun tí àwọn oníwádìí fúnra wọn ń wá nìyẹn.

Ìbẹ́pẹ pípọ́n àti ìbẹ́pẹ tútù

Ẹ jẹ́ ká fi ìbẹ́pẹ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn oníwádìí kan ní Singapore gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n fi eku ṣe jáde. Wọ́n fún àwọn eku tó lóyún ní omi ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n, oyún wọn sì dúró bíi ti àwọn tó mu omi lásán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ilé ọmọ eku, wọ́n gbé e sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì kán oje funfun ara ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sí i. Ilé ọmọ náà sún kì gidigidi, bí ìgbà tí wọ́n fi oxytocin sí i, ìyẹn oògùn tí àwọn agbẹ̀bí fi ń mú ìrọbí yá. Omi ìbẹ́pẹ pípọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Nítorí náà, ẹni tó ní kí aboyún má fọwọ́ kan ìbẹ́pẹ rárá ti sọ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ, ẹni tó ní èso lásán ni, kò lè ṣe nǹkan kan, kò sọ òótọ́. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí aboyún jẹ pípọ́n, kí ó fi tútù sílẹ̀ títí yóò fi bímọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "wọ́n ti dán an wò lára eku" fi yín lọ́kàn balẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní thalidomide, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1957. Àwọn aboyún lò ó fún ìrìndọ̀ àti àìrí oorun sùn. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní 1961, ó ti ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó lé ní 10,000 jẹ́ nínú oyún. Ó hàn nígbà tó yá pé ara eku kì í sábà fi irú ìpalára yẹn hàn bíi ti ènìyàn. Oògùn yẹn kì í ṣe ewé, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa kan ewé pẹ̀lú.

"A ti sè é" kò tó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná máa ń pa oró ewé. Ìtàn méjì rèé.

Ní àwọn ọdún 1960, dókítà ará Norway kan, Lorents Gran, wà ní Congo. Ó rí i pé àwọn obìnrin níbẹ̀ ń mu omi ewé kan tí wọ́n ń pè ní kalata-kalata kí ìrọbí lè yá. Ó gbé ewé náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń mú ilé ọmọ sún kì. Omi híhó kò bà á jẹ́. Ọdún 1995 ni wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀: èròjà náà so ara rẹ̀ pọ̀ yíká bí òrùka, kò ní orí, kò ní ìdí tí ooru lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ti Artemisia, ewé kan tí wọ́n ń lò fún ibà, yàtọ̀. Ní 1971, Tu Youyou, oníwádìí ní Ṣáínà, ń wá oògùn ibà lára ewé yìí, síse kò sì fún un ní ohun tó fẹ́. Ó ka ìwé àtijọ́ kan tó ní kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi, ó wá ronú pé bóyá ooru ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ó lo ether, omi kan tí kì í fẹ́ ooru púpọ̀ kó tó hó, láti fi fa èròjà náà jáde, ó sì rí i. Artemisinin, oògùn ibà, jáde láti ibẹ̀, Tu sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Iná tó sọ ti àkọ́kọ́ di àgbo alágbára ni iná tó ba ìkejì jẹ́. Aboyún tó ní ibà, tó wá ń mu tíì Artemisia, lè máa gbé kòkòrò ibà kiri nígbà tó rò pé òun ti ń gba ìtọ́jú. Ibà inú oyún ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú kí ọmọ kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí tíì náà fún ibà. Oògùn oníhóró tí wọ́n ti wọn artemether àti lumefantrine sínú rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí, àní fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún pàápàá, láti 2022.

Nígbà ìrọbí

Ibi tí ọkàn wa ti wúwo jù nìyí. Bí ilé ọmọ bá ṣe ń sún kì, ó gbọ́dọ̀ máa dẹ̀, nítorí ìgbà tó bá dẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gba inú olóbi kọjá kí ọmọ lè rí èémí. Bí àgbo bá mú un sún kì láìdẹ̀, ọmọ lè kú sínú, ilé ọmọ sì lè ya, pàápàá lára ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ bíbí fún rí. Bí oxytocin bá pọ̀ jù, agbẹ̀bí á pa omi tí ń kán náà, agbára rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pa àgbo tí a ti gbé mì. A bẹ̀ yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun nílé láti mú ìrọbí yá.

Díẹ̀ nípa àwọn mìíràn

Atalẹ̀ wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dárúkọ ní 2016 fún ìrìndọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Inú wa dùn sí èyí, nítorí ìyà ìrìndọ̀ kì í ṣe kékeré.

Asofẹ́yẹjẹ ní reserpine nínú. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń gba inú olóbi dé ara ọmọ. Imú ọmọ náà lè dí nígbà tí wọ́n bá bí i, bẹ́ẹ̀ imú ni ọmọ tuntun fi ń mí jù. Kò ní lè mu ọmú dáadáa. Kí aboyún má lò ó.

Ewé mọ̀ríńgà dára lóúnjẹ. Gbòǹgbò àti èèpo rẹ̀ kì í ṣe fún aboyún. Kí ó yẹra fún òróró dóńgóyárò náà ní mímu.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbìn ín

Ẹ má já ewé mọ́ koríko. Ní Jamaica, ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà rí i pé tíì igbó tí koríko olóró kan, Crotalaria, wà nínú rẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọdé jẹ́. Irú koríko bẹ́ẹ̀ lè hù láàárín ohun tí ẹ gbìn. Ẹ sá ewé sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kúrò létí títì. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Ẹ kọ orúkọ, apá igi àti ọjọ́ tí ẹ já a sára àpò.

Bí oníwádìí bá wá gba ewé lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ó kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe àti ohun tí yóò kàn yín sílẹ̀ bí èrè bá wà. Àdéhùn Nagoya, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, wà fún irú èyí.

Bí aboyún bá ti mu àgbo ná

Ọ̀pọ̀ aboyún ń fi àgbo tí wọ́n mu pamọ́ nítorí wọn ò fẹ́ kí wọ́n bá wọn wí. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń ka èyí, ẹ dákun, ẹ má bá wọn wí. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, bí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí gìrì mú un, tàbí tí ọmọ kò yí mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ da èyí tó ṣẹ́ kù nínú àgbo náà sínú ìgò, ẹ mú ewé tàbí èèpo rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ aago tó mu ún.