Gángan fún Ọmọ Alla Rakha: Bí Mo Ṣe Lùlù Níbi Ìdárò Zakir Hussain

Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Zakir Hussain, ọ̀gá onítabla ará Íńdíà, kú ní San Francisco, ẹni ọdún 73. (Tabla ni ìlù méjì tí wọ́n ń fọwọ́ lù pa pọ̀.) Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni, èyí tí í mú ẹ̀dọ̀fóró le díẹ̀díẹ̀ títí mímí á fi dìṣòro. Ìròyìn ikú ẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ẹbí ẹ̀ ní rárá, ó ṣì wà láyé, kó tó di pé àwọn fúnra wọn kéde ẹ̀. Ní kíláàsì tabla wa ní Fremont, ní Kalifọ́níà níbí, ṣe la ń bi ara wa lórí WhatsApp pé ta ni ká gbà gbọ́. Nígbà tó wá dájú, olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Guru-ji, ní a máa ṣe ìdárò fún un ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó bá súnmọ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejì. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí èmi gbé ìlù ilé wa dání wá.

Wọn ò ṣàdédé mú ọjọ́ náà. Òun ni ọjọ́ tí bàbá Zakir, Alla Rakha, kú lọ́dún 2000. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ ti máa ń padà sí Mumbai lọ́dọọdún láti ṣèrántí bàbá ẹ̀. Láti ìdájí làwọn onílù, akọrin àti oníjó á ti bẹ̀rẹ̀, ó dalẹ́ kó tó parí. Òun fúnra ẹ̀ ti fi bí wọ́n ṣe ń dárò onílù hàn wá, kí la tún fẹ́ máa wá kiri?

Ọmọ Àyàn ni mí, ará Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ oṣù ló gbé mi dé ilẹ̀ yìí, mo sì ń kọ́ tabla kí ọwọ́ mi má baà kú. Mo pe bàbá mi nílé kí n tó fọwọ́ kan gángan.

"Ta ló kú?"

"Onílù ará Íńdíà kan ni, sà. Zakir Hussain lorúkọ wọn."

"Ọmọ ta ni?"

Mo dárúkọ Alla Rakha. Wọ́n tún bi mí pé níbo ni Alla Rakha náà ti wá, ta ló kọ́ ọ nílù. Wọn ò béèrè bóyá olóògbé náà gbajúmọ̀, wọn ò béèrè irú ẹ̀bùn tó gbà. Wọ́n ní, "Lọ wádìí ẹ̀ dáadáa. O ò lè kì èèyàn láìmọ orírun ẹ̀." Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti orí ìdílé.

Ní 1919 ni wọ́n bí Alla Rakha, ní abúlé Phagwal lẹ́bàá Jammu. Ìlù wọ̀ ọ́ lójú débi pé ó sá nílé ní kékeré, ó lọ fara ẹ̀ sábẹ́ Mian Qadir Bakhsh, àgbà onítabla ní Lahore, tó wà ní Pakistan báyìí. Agboolé mẹ́fà làwọn onítabla ní, gharana ni wọ́n ń pè é: Delhi, Ajrara, Lucknow, Farrukhabad, Benares àti Punjab. Ti Punjab ni Qadir Bakhsh, ibẹ̀ náà ni Alla Rakha sì bọ́ sí. Òun ló jókòó ti Ravi Shankar, tó ń ta sitar, ohun èlò orin olókùn, níbi àjọ̀dún orin Monterey lọ́dún 1967 àti ti Woodstock ní 1969, nígbà táwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ la etí sí irú ìlù bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan wà tí Zakir máa ń sọ fúnra ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé láti ilé ìwòsàn ní Mumbai ní 1951, wọ́n gbé ọmọ jòjòló náà lé bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ pé kó ṣàdúrà sí i létí bó ti yẹ. Ohùn ìlù ni Alla Rakha bẹ̀rẹ̀ sí í kà sí i létí. Inú bí ìyá ọmọ. Bàbá ní àdúrà tòun nìyẹn. Mo sọ eléyìí fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ó tán. Ọmọ Àyàn ni. Lọ lùlù fún un."

Ohun tí n kò tíì sọ fún wọn nígbà yẹn ni pé ọmọ Yorùbá ti bá ọkùnrin yìí jókòó pọ̀ tipẹ́. Nígbà tí Mickey Hart, onílù ará Amẹ́ríkà, kó onílù oríṣiríṣi jọ fún àwo Planet Drum ní 1991, Zakir wà níbẹ̀, Babatunde Olatunji ọmọ Ajido lẹ́bàá Àgbádárìgì wà níbẹ̀, Sikiru Adepoju ọmọ Èrúwà náà gbé gángan dání. Ẹ̀bùn Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún orin àgbáyé, àwo yẹn ló gbà á. Nígbà tí àwo Global Drum Project dé ní 2007, Sikiru àti Zakir tún jọ wà nínú ẹ̀, Grammy ló tún gbà. Nítorí náà, nígbà táwọn kan ní kíláàsì ń wò mí bíi pé àjèjì ohùn ni mo fẹ́ gbé wọ ibi ìdárò, fídíò àwọn méjèèjì ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ parí.

Guru-ji kò jẹ́ kí n lu gángan nìkan. Ó ní ẹni tó bá máa dárò onítabla gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan tabla. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lu èyí tó yára, èyí tí ọwọ́ á máa fò tí a ò ní rí ìka mọ́, torí ohun tí wọ́n ń rí ní fídíò Zakir nìyẹn. Guru-ji kọ̀, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹni tó bá gbọ́ Zakir dáadáa mọ̀ pé bó ṣe ń gbé ẹlòmíì ni agbára ẹ̀ wà. Ìgbà tí akọrin tàbí onífèrè ń lọ, abẹ́ wọn ló máa ń wà, kì í dí wọn lọ́nà. Eré ìje ọwọ́ kọ́ ni ìdárò.

Teental la lù, ìlù oníká mẹ́rìndínlógún, ìyẹn ni pé a máa ń kà á dé mẹ́rìndínlógún kó tó yí padà. Ohùn ẹ̀ nìyí: dha dhin dhin dha, dha dhin dhin dha, dha tin tin ta, ta dhin dhin dha. Ẹ wo ẹsẹ̀ kẹta yẹn. Lẹ́yìn dha àkọ́kọ́ ibẹ̀, ìlù ńlá tọwọ́ òsì á panu mọ́, tọwọ́ ọ̀tún nìkan ni yóò máa dún. Etí á ti mọ̀ pé a ti kọjá ìdajì, pé à ń padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sam. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kà á kì í pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, ṣe ló máa ń yí àtẹ́lẹwọ́ sókè.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi nífẹ̀ẹ́ tabla ni àmì dúdú ojú ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú irin ni, tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n sì ń fi òkúta rin ín títí yóò fi dán. Ẹni tó bá ti rí ìda lójú ìyá ìlù bàtá kò ní béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. C. V. Raman, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Íńdíà, kọ̀wé lórí ẹ̀ láyé àtijọ́ pé ìwúwo àárín yẹn ló ń jẹ́ kí ohùn tó wà nínú ìlù bára wọn mu bíi ti orin. Àárín gan-an ló wà lójú ìlù ọwọ́ ọ̀tún, onígi. Lójú ti òsì, onídẹ tàbí oníbàbà, ẹ̀gbẹ́ ló wà, kí ọrùn ọwọ́ lè ráyè tẹ awọ kí ohùn ròkè.

Ìparí ló gba ọgbọ́n jù. Tihai ni wọ́n ń pè é: gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìgbẹ̀yìn ẹ̀ bọ́ sórí sam gẹ́lẹ́. Èyí tí Guru-ji fún wa rọrùn: tite, kata, gadi, gena, dha. Ìká márùn-ún. Ẹ lù ú, ẹ fi ìká kan sinmi, ẹ tún lù ú, ẹ sinmi, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ ṣírò ẹ̀, ìká 17 ni, ìkẹtàdínlógún sì ni sam tó ń bọ̀. Ibi ìsinmi yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ rú, torí ọwọ́ kì í fẹ́ dúró.

Ó wá ku gángan. Ohùn tabla tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹgọ́. Bí mo bá lù ú bí mo ṣe ń lù ú lóde ìnáwó, mo ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. A wá pín in: wọ́n á lu teental yí po, wọ́n á dákẹ́, harmonium, dùùrù kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí, nìkan á máa dá orin ẹ̀ lọ kí ìká má sọnù, èmi á wá sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀. Ti orúkọ ńkọ́, tí kì í ṣe Yorùbá tí gángan lè fọ̀? Bàbá mi ló yanjú ìyẹn: "Fẹnu pe orúkọ ẹ̀, kó o fìlù kì í." Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Mo pe Zakir, mo pe Alla Rakha, mo pe Qadir Bakhsh. Mo wá fi gángan ki Àyàn Àgalú, amúni mọ̀nà ibi tí a kò dé rí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí èyí tí gbogbo wa mọ̀: bó o bá dọ́run, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó o bá wọn jẹ. Mo lù ú pẹ́lẹ́, mo sì ń fún ọsán ju bí mo ṣe ń gbá kọ̀ǹgọ́ lọ.

Lọ́jọ́ náà, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àwòrán ẹ̀ wà níwájú, ọ̀ṣọ́ òdòdó aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn ẹ̀, fìtílà níwájú ẹ̀. Mùsùlùmí ni, àwọn onísìn Híńdù ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Kírísítẹ́nì náà wà. Guru-ji ní kí oníkálùkù gbàdúrà bó ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé fọwọ́ kan ẹsẹ̀ olùkọ́ kí wọ́n tó jókòó, èmi dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Bàbá àgbà kan tó ti kọ́ tabla lọ́dọ̀ Zakir ní ilé ẹ̀kọ́ orin Ali Akbar ní San Rafael ní ṣe ló máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá ń pe Zakir ní Ustad, ìyẹn ọ̀gá. Zakir-bhai ló fẹ́, bíi kéèyàn ní ẹ̀gbọ́n Zakir.

Nígbà tí tihai parí, tí gbogbo ọwọ́ bọ́ sórí sam lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá yẹn sọ̀rọ̀ sókè: "Kyā bāt!", bíi kéèyàn ní ó kàmàmà. Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn. Tíì àti samosa ló kù.

Àwọn kan fẹ́ kí tọdún tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọjọ́ ìbí ẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, kí bàbá àti ọmọ jọ wà pọ̀ ló dùn mọ́ mi. Ọjọ́ yòówù kí wọ́n mú, oṣù òjò ni oṣù Kejì àti Ìkẹta jẹ́ níbí, awọ gángan á sì máa rọ̀. Ẹ gbé ìlù yín síbi tó móoru kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì tètè dé. Ó kéré tán, ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí Guru-ji fi ń fi òòlù kékeré kan etí tabla yíká kó tó gbà pé ohùn ẹ̀ ti pé.