Bí mo ṣe sọ ọmọ jẹ́jẹ́ kan di Ajagungbalẹ̀ ní Ìkòròdú

"Àwọn ọmọ mi mọ ìjà á jà, Àǹtí. Bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn ṣọ̀tá ni wọn ò mọ̀."

Ohun tí kóòṣì sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn. Mo bú sẹ́rìn-ín, torí mi ò rí ẹni tó ń fowó wá ọ̀tá rí. Eré orí rédíò ni mo máa ń kọ. Kóòṣì ní tirẹ̀ ní ọmọkùnrin mẹ́sàn-án tó ń kọ́ ní rẹ́sílìn nínú pápá kan lẹ́yìn Ọ̀dọ́gúnyàn, ẹnì kan sì ti gbà láti gbé kámẹ́rà wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. YouTube ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e sí, bó bá sì dùn, wọ́n á gbé e lọ bá àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìtàn ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni iṣẹ́ tèmi.

Mo lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan. Irin ló wà nísàlẹ̀ ring náà, pákó wà lórí irin, fóòmù pẹlẹbẹ wà lórí pákó, tápólì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orí tìmùtìmù ni wọ́n ń ṣubú sí. Mo fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ wò, mi ò ní í tẹ́ ọmọ mi sùn lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ náà mọṣẹ́ lóòótọ́. Ọ̀kan gun orí òpó, ó ta òkìtì lófuurufú, ó balẹ̀ láyà ẹnì kejì gbì! Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ń jẹ gúgúrú, wọ́n ń tẹ fóònù. Ìyá kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà bi mí pé, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń jà sí?" Mi ò mọ̀. Mo bi kóòṣì, òun náà ò mọ̀.

Pé wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó wọlé, ìyẹn kì í ṣe àṣírí mọ́. Ní 1989, iléeṣẹ́ rẹ́sílìn Vince McMahon ní Amẹ́ríkà, èyí tá a wá mọ̀ sí WWE, fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fáwọn aṣòfin New Jersey pé eré làwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn. Ohun tí mi ò mọ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni iye èèyàn tó wà nídìí ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ló ń wá ìdí ìjà àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ. Àwọn tó ti jà rí, tí wọ́n ń pè ní producer, ló ń jókòó ti àwọn oníjà méjèèjì láti to bí ìjà á ṣe lọ àti bó ṣe máa parí. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí wọ́n ń pè ní Gorilla nítorí Gorilla Monsoon tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, àwọn ọ̀gá á gbé ẹ̀rọ sétí, wọ́n á máa sọ fún rẹfirí pé ó ku ìṣẹ́jú mélòó, rẹfirí á sì ta àwọn oníjà lólobó. Ìyókù, àwọn oníjà ló ń sọ ọ́ síra wọn létí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀kan fọwọ́ wé ọrùn èkejì, tí irun bo ojú àwọn méjèèjì, ìpàdé ló ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn.

Bí eré rédíò ni mo ṣe kọ́kọ́ kọ tèmi. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún, gbogbo ọ̀rọ̀ pátá, títí kan ibi tí wọ́n ti máa húkọ́. Mo mú èyí tó ga jù nínú wọn, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó ń ta ṣájà fóònù ní Sábọ, mo ní òun ni bọ́ọ̀sì. Heel ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì tó ń hùwà ìkà lọ́dọ̀ tiwọn, babyface ni ákítọ̀ tí èrò ń gbè lẹ́yìn. Àwa tá a fi fíìmù dàgbà ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Mo so màrìwò mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, mo fi ẹfun kùn ún lójú, mo gbé àdó mẹ́ta kọ́ ọ, mo kọ ọfọ̀ fún un. Lálẹ́ tá a dán an wò, ó jáde látinú èéfín. Ọfọ̀ tó yẹ kó sán bí àrá, ó ń kà á bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí fún tíṣà. Ọmọdé kan ké sí i pé, "Bọ̀ọ̀dá, èló ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí?" Ibẹ̀ la parí ẹ̀ sí.

Ojú tì mí, torí mo ti fi irú ẹ̀ ṣe àwọn ẹlòmíràn yẹ̀yẹ́. Ní 2021, WWE mú Apollo Crews, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, wọ́n ní ó ti di ọmọ ọba. Ó ń gbé ọ̀kọ̀ kiri, ó ń lọ́ ohùn. Ní WrestleMania 37, eré wọn tó tóbi jù lọ́dún, wọ́n pe ìjà òun àti oníjà kan tó ń jẹ́ Big E ní Nigerian Drum Fight. Èmi tí wọ́n bí ní Ìta-Ẹlẹ́wà, tí mo mọ gídígbò, tí mo mọ ìjàkadì, mi ò gbọ́ ìjà onílù rí. Ẹni tó wá gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó fi gba bẹ́líìtì, Commander Azeez ni wọ́n pè é. Orúkọ ọkùnrin yẹn gan-an ni Babatunde Aiyegbusi, Poland ni wọ́n bí i sí. Ayégbùsí! Irú orúkọ báyìí wà nílẹ̀, wọ́n tún lọ ń wá òmíràn. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà náà. Àṣé èmi náà á gbé àdó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ní kí ọmọ náà bá mi lọ sí Ẹ̀bùté. A jókòó nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, à ń jẹ àkàrà. Mo bi í pé ta ni kò lè dárí jì láyé yìí. Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wá bá bàbá òun nígbà tó ń kọ́lé lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀. Wọ́n gba owó ìpìlẹ̀. Ilé dé ojú fèrèsé, wọ́n gba òmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kan òrùlé, àwọn míì tún yọ, wọ́n ní àwọn tó gbowó tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ náà.

"Àǹtí, ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ó dìde. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn, ó na ìka ìlábẹ̀ bí ẹni tó ń ka òpó ilé, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó rọ̀ bí òróró: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. A ò bá tìjà wá. A kàn wá kí yín lórí ilẹ̀ bàbá wa ni."

Obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ rọra gbé báàgì rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ya ojú ìwé mẹ́rìnlélógún yẹn. Steve Austin, gbajúmọ̀ oníjà WWE nígbà kan, máa ń sọ ọ́ pé nígbà tóun ń wá orúkọ, iléeṣẹ́ kó àwọn orúkọ oníyìnyín kan fún òun tí kò sí èyí tó ṣeé gbọ́. Tíì ni ìyàwó rẹ̀ gbé fún un, tó ní kó mu ún kó tó di "stone cold", orúkọ bá jáde. Tèmi náà ti jáde létí omi. Ajagungbalẹ̀. Ìjà wà nínú ẹ̀, ilẹ̀ wà nínú ẹ̀, kò sì sí onílé kan ní Ìkòròdú tí inú ẹ̀ máa dùn tó bá gbọ́ ọ.

Ìyókù, ọ̀dọ̀ Roman Reigns, oníjà WWE, ni mo ti kọ́ ọ. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ní dandan kó jẹ́ ákítọ̀, tí èrò ń hó lé e lórí. Ní August 2020, wọ́n jẹ́ kó di bọ́ọ̀sì. Wọn ò gbé ìwo lé e lórí o, olórí ẹbí ni wọ́n sọ ọ́ dà. Gbogbo ìyà tó fi jẹ Jey Uso tí wọ́n jọ jẹ́ ìbátan, ó ní torí ìdílé ni. Ta ni kò ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ nílé, tó ń fún ọ lọ́rùn, tó ń ní ìfẹ́ ló ń ṣe òun? Ọjọ́ 1,316 ló fi di bẹ́líìtì Universal ti WWE mú kí Cody Rhodes tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2024, kò sì sí ọjọ́ kan níbẹ̀ tó rò pé òun ni òṣìkà. Mo bá sọ fún ọmọ náà pé kó gbà tọkàntọkàn pé bàbá bàbá òun ló ni pápá yẹn, pé wọ́n tà á mọ́ ọn lórí ni, pé òun kì í ṣe olè, gbèsè lòun ń gbà.

Mi ò wá ákítọ̀ lọ jìnnà. Bíríkìlà gidi kan wà láàárín wọn.

Mo gbé ìwé tuntun lọ fún kóòṣì, ojú ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ka àkọ́kọ́, ó yọ awò ojú.

"Àǹtí, mi ò rí ìjà níbí."

"Kò sí ìjà níbẹ̀, Kóòṣì."

"Ọmọ gìrìwò báyìí, ẹ ní kó má jà?"

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa wu èrò pé kí ẹnì kan lù ú ná."

Ó wò mí títí. Ó ní òun gbà fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya àkọ́kọ́, àwọn méjì ń ta òkìtì wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí Ajagungbalẹ̀ wọlé. Kò sáré. Bùbá àǹkárá, sálúbàtà, tépù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́. Ó yí ring po, ó ń wọ̀n ọ́n. Ó mú pẹ́ẹ̀gì olórí pupa mẹ́rin, ó ń fi òòlù rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kóòṣì ti ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà tó kan ìkẹta, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Olè!" Ó rì í tán kó tó gba máíkì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ yìí wá tẹ́ ẹ ti ń ta òkìtì lórí ilẹ̀ bàbá mi, ẹ ò gbé ọtí wá kí wa. Owó ìpìlẹ̀ ńkọ́?"

Rẹfirí sọ fún un pé láti 2016 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ka irú ẹ̀ sí ọ̀daràn. Òótọ́ ni, òfin náà wà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rẹfirí, òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ilẹ̀ ti wà."

Pápá dàrú. Bàtà kan fò kọjá létí mi. Ìyá oníṣòwò píọ̀ wọ́tà ti dìde, ó ń nawọ́ sí i, ó ń ka gbogbo owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀, láti orí ìpìlẹ̀ dórí pákó. Ọmọ náà tẹ́tí sí i tìtẹríba-tìtẹríba títí ó fi parí. Ó ní, "Ìyá, ti òrùlé ṣì kù."

Mi ò kọ ìyẹn o. Mi ò lè kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì lọ wẹ́rẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, pákó kan ṣẹ́ lábẹ́ bíríkìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ há síbẹ̀, kì í sì í ṣe eré. Ajagungbalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ fún un lọ́rùn, ó ń bú u pé kó jáde lórí ilẹ̀ àwọn, ó sì ń fa ẹsẹ̀ náà yọ. Èmi tí mo wà nítòsí nìkan ló gbọ́ ọ: "Ṣé o lè tẹ̀ ẹ́? Rọra." Ó wọ́ ọ jù sẹ́yìn okùn, èrò sì fi í gégùn-ún. Ọrùn ẹsẹ̀ bíríkìlà wú, a sún èyí tó kù síwájú.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, ọmọ náà pè mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kí wọ́n lé mi?"

Mo ní dandan ni.

"Àmọ́ ilẹ̀ bàbá mi ni."

Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Mo ní kó lọ sùn.

Ó ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́. Bíríkìlà gbé e ṣán, rẹfirí ka ẹẹ́ta, pápá hó yèè, wọ́n fa pẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu níṣojú ẹ̀. Ìyá oníṣòwò píọ̀ wọ́tà jó. Nígbà tá a ń kó ẹrù lóru, mẹ́ta ni mo kà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wá a yí ring ká, mi ò rí i. Ìgbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ mi ni mo rí orí pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ti rì í wọlẹ̀ ṣinṣin.