Bí ẹ ṣe lè gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ jù ú sílẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Ọ̀fà, tí ọmọ àdúgbò bá sọ pé òun fẹ́ kó ohun ìjà sílẹ̀, ẹ má pariwo. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó fọkàn tán, ìyá ẹ, àbí áfà ẹ, àbí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ìbọn yẹn o, ẹ má sì jẹ́ kó gbé e kiri títì, ẹ bá Mágàjí, olórí àdúgbò yín, àti lọ́yà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá. Ẹ má gbé fótò ẹ sí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, torí àwọn tó ń rán an níṣẹ́ máa wá a.

Èyí tó le jù ni ẹ̀yìn tó bá ti kó o sílẹ̀ tán. Ishmael Beah ti Sierra Leone, ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí wọ́n fi í ṣọmọ ogun, UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, yọ ọ́ jáde ní 1996, àwọn tó tọ́jú ẹ sì ń tẹnu mọ́ ọn fún un pé ẹ̀bi ẹ kọ́, bó tilẹ̀ ń bínú sí wọn. Ní 2007 ló di agbẹnusọ UNICEF fáwọn ọmọ tí ogun bá. Torí náà ẹ má bi ọmọ àdúgbò yín yẹn pé ta lo pa, ẹ ní sùúrù tí ò bá rí oorun sùn, kẹ́ ẹ sì ra irinṣẹ́ iṣẹ́ tó kọ́, bíi ti wẹ́dà, fún un kíákíá.