Ojú Mi Rí Màbo Kí N Tó Wo Moonlight Tán

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí àwo DVD tí mo rà pé odindi Moonlight, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan nípa fáńpáyà, ìyẹn àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní Dùgbẹ̀ tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé, "Ọ̀gá mi, ó pé, kò sí èyí tó yọ níbẹ̀." Irọ́ gbuu ni. Apá 12 péré ló wà lórí àwo náà, bẹ́ẹ̀ apá 16 ni eré náà jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn gan-an, tí Mick, olú eré náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ di èèyàn padà lẹ́yìn ọdún 55 tó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe oúnjẹ, ibẹ̀ ló ká gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ sí. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Mo yọ àwo jáde, mo fi aṣọ nù ún, mo dá a padà. Kò sí nǹkan kan mọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ bá ọkùnrin náà, ó ní bí wọ́n ṣe kó o fún òun lòun ṣe tà á. Owó mi wọmi nìyẹn. Ohun tí mo sì ná lẹ́yìn ìgbà náà kí n tó rí apá mẹ́rin tó kù wò ju owó àwo yẹn lọ fíìfíì.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, orí CBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ní alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mick St. John, tí Alex O'Loughlin ará Ọsirélíà ṣe, jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ní Los Angeles. Ìyàwó tó gbé ní ọdún 1952, Coraline, ló bù ú jẹ lọ́rùn ní alẹ́ ìgbéyàwó wọn gan-an, tó sọ ọ́ di fáńpáyà. Kò dárí jì í láti ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, Coraline jí ọmọdébìnrin kan gbé, Mick ló lọ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn dàgbà, ó di oníròyìn, Beth Turner lorúkọ rẹ̀, Sophia Myles ló ṣe é. Òun ni ìfẹ́ wá wọ àárín òun àti Mick. Josef, ọ̀rẹ́ Mick, ti lo ọdún 400 láyé, owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi yẹ̀ǹgẹ́, àmọ́ ojú ọmọ yunifásítì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Jason Dohring ṣe é débi pé n kò lè fojú inú wo ẹlòmíràn tí ì bá ṣe é.

Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ eré yìí ni pé ó ní òfin tirẹ̀, kì í sì í rú u. Oòrùn kì í jó wọn di eérú, àárẹ̀ ló ń kó bá wọn. Bí wọ́n bá fi igi gún fáńpáyà láyà, kò ní kú, yóò kàn le gbagidi síbẹ̀, yóò máa wò. Iná tàbí kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí ló lè pa á. Inú fírísà ni Mick ń sùn. Ìyá mi rí i níbi tó ti ṣí ìdérí fírísà, tó jáde nínú òtútù, wọ́n ní, "Kò lè gbé Ìbàdàn nìyẹn. Iná wo ni yóò fi sùn?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá wa wò ó.

Mo wá fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé orí apá 12 gan-an ni àwọn tó ṣe ayédèrú àwo yẹn dúró sí. Ìdí wà. Àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2007, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2008. Apá 12 ni wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ó sì tán ní oṣù kìíní. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì yẹn, CBS ní kí wọ́n ṣe mẹ́rin sí i, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, wọ́n ti kéde pé eré náà kò ní padà wá. Àwọn oníṣòwò ayédèrú ti kó mejìlá àkọ́kọ́ jọ, wọ́n ti lẹ páálí pọ̀, wọ́n ti ń tà á. Kò kàn wọ́n bóyá ó parí tàbí kò parí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston wà lára àwọn tó wò ó nígbà náà gan-an. Mo pè wọ́n láti fẹjọ́ ọkùnrin Dùgbẹ̀ sùn, kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Wọ́n ní nígbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni àwọn kì í gba iṣẹ́ alẹ́ bí ó bá ti ṣeé ṣe. Wọ́n ní inú oṣù kìíní ọdún 2008 ni àwọn òǹwòran dìbò fún un níbi ẹ̀bùn People's Choice, tí wọ́n ní òun ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú àwọn eré tuntun ọdún náà. "Oṣù mélòó lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa á? Àbúrò, ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ." Ìbínú tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn tútù yọ̀yọ̀, àfi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ibi tí orí mi ti wú ni ohun tí wọ́n sọ nípa àwọn òǹwòran yòókù. Lẹ́tà ni ẹ̀gbọ́n mi kọ sí iléeṣẹ́ náà. Àmọ́ àwọn olólùfẹ́ eré yìí ṣe ju lẹ́tà lọ. Wọ́n bá Red Cross ti Amẹ́ríkà da ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n ń lọ fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní orúkọ Moonlight. Ẹ rò ó wò. Eré nípa àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n gé mọ́ wọn lójú, wọ́n sì dáhùn nípa fífún èèyàn ní ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí, tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, jàǹfààní ìbínú wọn. Mo ti gbọ́ nípa àwọn òǹwòran tó ń bú iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn, àmọ́ èyí ga ju èébú lọ. CBS kò dáhùn síbẹ̀. Iléeṣẹ́ Warner Bros. tó ṣe é gbé e kiri bóyá iléeṣẹ́ mìíràn á gbà á, kò sẹ́ni tó gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ra ojúlówó rẹ̀ fún mi, èyí tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2009, apá 16 pé pérépéré. Ẹni tó ń bọ̀ wálé bá wa mú un wá. Kò sí ìṣòro níbẹ̀.

Ìṣòro dé ní alẹ́ tí mo kó gbogbo ilé jọ. Ìyàwó mi ti din dòdò. Àwọn ọmọ ti jókòó. Mo fi àwo sínú ẹ̀rọ DVD wa, ó yí, ó yí, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sójú tẹlifíṣàn pé kò sí àyè fún àwo yìí níbi tí a wà. Mo rò pé mo ṣi nǹkan kan tẹ̀ lórí rìmóòtù ni, mo tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún kọ. Mo fi àwo kejì, ìkẹta, ìkẹrin sí i. Ẹ̀rọ náà kọ gbogbo wọn. Ayédèrú tí kò pé yẹn, ó gbà á láìjanpata. Ojúlówó tí a fi owó gidi rà ló ń kọ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó tẹ́tí sí i bó ṣe ń yí, ó ní ojú rẹ̀ ló ti bàjẹ́, ìyẹn dígí kékeré tó fi ń ka àwo, ó ní òun máa pààrọ̀ rẹ̀. Ó gba owó. Mo gbé e délé, ohun kan náà ló ṣe. Mo tún gbé e padà, ó ní àwo náà ló ní àbùkù. Báwo ni àwo mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ṣe máa ní àbùkù lẹ́ẹ̀kan náà? Kò dá owó mi padà, kò sì sọ òótọ́ fún mi. Ọkàn mi gbóná débi pé mo jáde níbẹ̀ láìdágbére.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àwọn tó ń ṣe fíìmù pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn, wọ́n sì fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni 1. Yúróòpù àti Japan wà ní 2. Àwa ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Íńdíà àti Rọ́ṣíà, wà ní 5. Àwo tí wọ́n ṣe fún 1 kò ní ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n tì mọ́ 5. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbì kankan, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ti ilẹ̀kùn ni. Èmi tí mo sanwó ojúlówó ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta, ẹni tó ń ta ayédèrú kò ní ilẹ̀kùn kankan láti kọjá. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi kọ̀ǹpútà òun wò ó. Ti kọ̀ǹpútà tún wá burú ju ti ẹ̀rọ lọ: ìgbà márùn-ún péré lèèyàn lè yí nọ́ńbà ẹkùn rẹ̀ padà, lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá wà lórí rẹ̀ ló máa wà títí láé. Ọwọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà yẹn ti gbà kọjá kó tó dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti lo márààrún tán, orí 2 ló sì kú sí.

Àbúrò ìyàwó mi, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Póòlì, ló tú okùn yìí. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan sí lára. Ó wá nọ́ńbà ti irú ẹ̀rọ wa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé rìmóòtù lé mi lọ́wọ́ kí n fúnra mi ṣe é. Mo jẹ́ kí àwo jáde, mo fi ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo tẹ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé kan tí n kò rí rí yọ lójú tẹlifíṣàn, 5 sì wà láàárín rẹ̀. Mo yí i sí 0, tó túmọ̀ sí gbogbo ayé. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, mo fi àwo sí i, Los Angeles yọ lójú tẹlifíṣàn lálẹ́. Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn. Àwòrán rẹ̀ kò ní àwọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó sì ń yí gbirigbiri, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé àwòrán jáde ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa. Mo wọ ibi ètò àwòrán lórí ẹ̀rọ, mo mú NTSC, ìyẹn ti Amẹ́ríkà, kúrò, mo fi PAL tiwa sí i, gbogbo rẹ̀ sì mọ́ kedere. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo sì ń fi yangàn.

A wá wo apá mẹ́rin tó kù. Nínú apá 13, Mick ti di èèyàn, ó ń jẹun, oòrùn ń pa á lára bó ṣe ń pa wá, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n wá gbé Beth lọ. Kò sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbà á. Ló bá lọ bá Josef pé kó bu òun jẹ padà. Josef kọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ bí ọdún 55 yẹn ṣe rí lára Mick, kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa gba ayọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Mick bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Ìyàwó mi dìde, ó ní, "Má ṣe é! Josef, má ṣe é!" Ìyá mi ní kí ó jókòó, pé ìfẹ́ ló fà á. Dòdò tutù.

Ní apá ìkẹyìn, Mick ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Beth pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ṣáájú ìyẹn, àpò ìwé kan ti dé ọwọ́ Talbot, agbẹjọ́rò ìjọba, orúkọ àwọn fáńpáyà tó wà ní ìlú náà ló wà nínú rẹ̀, ti Mick pẹ̀lú. Kí ni Talbot fẹ́ fi ṣe? Ta ló fi ránṣẹ́? Gbogbo ilé kọjú sí mi. Ọmọ mi ní, "Dádì, èyí tó kàn dà?" Mo sọ fún un pé kò sí. Ó ní ṣé àwo yìí náà kò pé ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àsìkò tí wọ́n gé e. Oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni wọ́n fagi lé e. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, True Blood, eré fáńpáyà mìíràn, bẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá, fíìmù Twilight jáde, gbogbo ọmọdébìnrin ayé ń sunkún nítorí fáńpáyà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, The Vampire Diaries dé, síísìn 8 ni wọ́n fi ṣe é. CBS ti ní ọjà yìí lọ́wọ́ kí oníbàárà tó dé, wọ́n dà á nù nígbà tí oníbàárà kù sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tún mú O'Loughlin kan náà, wọ́n fi í sínú Hawaii Five-0, ó sì lo síísìn 10 níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó tó gbangba á sùn lọ́yẹ́, àmọ́ wọn kò fún Mick ní síísìn kejì.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ má ra èyíkéyìí tí wọn kò bá kọ apá 16 sí lára, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹkùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ̀rọ bá kọ àwo tuntun, ẹ wá nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fúnra yín kí ẹnikẹ́ni tó tú u. Ẹ má sì fi kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ dán an wò. Mo lè yá ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn ní tèmi, ìdí tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí ìyá mi ti ní kí a tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀.