Kànga gbẹ, páànù ń jó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀ẹ̀rùn Iléṣà

Iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe ní Iléṣà: kànga, pọ́ǹpù, páìpù, tánkì. Láti oṣù Kọkànlá tí òjò bá ti káṣẹ̀ nílẹ̀ títí di ìgbà tó máa tún rọ̀ dáadáa lẹ́yìn oṣù Kẹta, fóònù mi kì í sinmi. Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu tó ń bi í ló ń yàtọ̀. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí, tòun ti èyí tó jẹ mọ́ ooru àti ọgbà ẹ̀fọ́, tí wọ́n máa ń bi mí mọ́ ọn nígbà tí mo bá ń di páìpù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ owó tí à ń ná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí ohun tí kò bàjẹ́ là ń ná an lé. Ẹ jẹ́ ká máa wá ibi tí ìyọnu wà gan-an ká tó fọwọ́ kan àpò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kànga wa ní Òkèèṣà kì í gbẹ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, bí a bá ti pọn omi àárọ̀ tán, ẹrẹ̀ ni dọ̀rọ̀ ń gbé jáde lọ́sàn-án. Ṣé ká kúkú gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ni?

Ẹ má tíì pe ẹni tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. Ẹ so òkúta mọ́ okùn gígùn kan, kí ẹ sọ ọ́ sínú kànga ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó fa omi. Ẹ jẹ́ kó kanlẹ̀, kí ẹ wá fà á jáde. Ibi tó tutù lára okùn ni ìwọ̀n omi tó wà níbẹ̀. Ibi tó gbẹ ni ìwọ̀n láti ẹnu kànga dé ojú omi. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ pọn omi bí ẹ ṣe máa ń pọn ọ́n, kí ẹ dé kànga náà fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Tí omi bá ti gòkè padà dáadáa, kànga yín kò ṣàìsàn. Bí ẹ ṣe ń fà á ló yá ju bó ṣe ń sun lọ. Ẹ pín in: ẹ pọn díẹ̀ ní àárọ̀, díẹ̀ lálẹ́, kí ẹ sì ka àwọn ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ́ ọn, nítorí ilé tí ìdílé méjì ń gbé tẹ́lẹ̀ tó wá di mẹ́fà, kànga kan náà ni gbogbo wọn ń dojú kọ.

Tí okùn bá fi hàn pé ìsàlẹ̀ kò jìn tó bó ṣe jìn nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló ti kún un. Kíkó ló fẹ́, kì í ṣe gbígbẹ́, owó kíkó sì kéré sí i. Àmọ́ tí ìsàlẹ̀ bá ṣì jìn bíi ti tẹ́lẹ̀, tí omi kò sì padà bọ̀rọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ lè gbẹ́ ẹ sí i, ìparí oṣù Kejì sí oṣù Kẹta sì ni àsìkò rẹ̀, nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Kànga tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù Kẹwàá máa ń tètè kan omi, inú onílé á dùn, ẹ̀ẹ̀rùn á sì dójú tì í.

Ẹ má fi ti aládùúgbò ṣe ìwọ̀n. Nílùú wa, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta ni omi kànga máa ń wà, àpáta náà kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó lè jìn lábẹ́ ilé tiwọn, kó sì súnmọ́ òkè lábẹ́ tiyín. Bí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ bá ti kan àpáta líle, ibẹ̀ ni ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ti máa ń dúró; ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ bọ́ọ̀hóòlù tó yẹ kó wáyé.

(Ọmọ Ọ̀bókun ni wá o. Baba ńlá wa ló rin ìrìn àjò lọ bu omi òkun wá nígbà tí ojú Odùduwà kò ríran mọ́. Àwa ọmọ rẹ̀ rèé, a ń to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò.)

Ẹni tó fẹ́ kó ẹrẹ̀ kànga wa ní òun máa gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, kó lè máa fa omi bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ lé e lọ. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Èéfín ẹ̀rọ tó ń lo epo ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò lóòórùn, tí kò sì láwọ̀. Nínú kànga, kò ríbi gbà jáde. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó rẹ òun ni. Ẹnì kejì á bẹ́ wọlé láti gbé e, òun náà ò ní jáde. Àwọn kan máa ń sọ fìtílà kalẹ̀ láti fi dán an wò. Fìtílà lè kú níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá tó, àmọ́ kò mọ èéfín jẹnẹrétọ̀, á kàn máa tàn lọ ni. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀, kó jìnnà sẹ́nu kànga, kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín rẹ̀ lọ síbòmíràn. Rọ́bà nìkan ni kó wọlé. Okùn gbọ́dọ̀ wà ní ìbàdí ẹni tó bá wọlé, kí èèyàn méjì sì dúró sókè tí wọ́n lè fà á jáde.

Pọ́ǹpù mi ń dún, omi ò jáde. Ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ní kí n ra tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ pa á. Omi tó ń gba inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó tutù. Tó bá ń yí lásán, á jó síìlì rẹ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò jáde lára rẹ̀, ìgbà yẹn ló máa wá bàjẹ́ lóòótọ́.

Tó bá jẹ́ èyí tó ń jókòó lórí ilẹ̀ tó ń fi páìpù fa omi, ẹ wo ibi tó gbẹ lára okùn tí mo ní kí ẹ fi wọn kànga. Pọ́ǹpù orí ilẹ̀ kò lè fa omi tó bá jìn ju nǹkan bíi mítà 7 tàbí 8 lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, iye yòówù kí ẹ rà á. Afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè nínú páìpù, pọ́ǹpù kàn ń la ọ̀nà fún un ni, agbára afẹ́fẹ́ yẹn sì níbi tó mọ. Nígbà òjò, omi lè wà ní mítà 5. Ní oṣù Kejì ó ti di 10. Pọ́ǹpù tó fa ti oṣù Kẹsàn-án kò gbó láàárín oṣù márùn-ún. Tuntun tí ẹ bá rà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe. Ẹ lo èyí tí à ń pè ní sumo, tó máa ń wà nínú omi fúnra rẹ̀, nítorí ńṣe lòun ń ti omi láti ìsàlẹ̀.

Tí omi kò bá jìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ rọ omi kún inú páìpù, kí ẹ dúró díẹ̀. Tí omi tí ẹ rọ bá ń lọ sílẹ̀, foot valve, ìyẹn ìdérí kékeré tó wà lẹ́nu páìpù nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi padà, ló ń jò, tàbí kí iyanrìn ti há a lẹ́nu. Nígbà mìíràn kò tiẹ̀ jò: omi ló ti sá kúrò lábẹ́ rẹ̀, tó fi ń fa afẹ́fẹ́. Páìpù díẹ̀ tí ẹ bá fi gùn ún sí i ti tó. Tó bá sì ń dún mọ́-ọn láìyí rárá, ẹ wo iná ilé yín kí ẹ tó bú ẹ̀rọ. Bí gílóòbù bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iná yẹn ò lè gbé pọ́ǹpù. Iná dáa, kò sì yí? Ẹ ní kí wọ́n yẹ kàpásítọ̀ rẹ̀ wò, ohun kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Omi tó kù ní kànga ti pọ́n, ó sì ń rùn díẹ̀. Bàbá wa ní kí a máa fi álọ́ọ̀mù sí i. Ṣé ó ti tó fún mímu?

Bàbá kò ṣì í, ọ̀rọ̀ ni kò tíì tán. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí rọlẹ̀, kò pa kòkòrò àìsàn. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ rọra dà èyí tó mọ́ lókè sínú ohun mìíràn, kí ẹ wá sè é kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan. Tí gáàsì bá wọ́n yín, ẹ lo bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, tí wọ́n kọ 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára: ẹ̀kán 2 sí lítà kan omi tó mọ́ lójú, kí ẹ rò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tí wọ́n kọ iye mìíràn sí, ìlànà ara rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ohun kan wà tí gbogbo èyí kò kàn. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá wà lágbègbè tí wọ́n ti ń wa góòlù, bí apá Ìtàgúnmódì àti Ìgún, kó mọ̀ pé sísè kì í yọ òjé tàbí mẹ́kúrì kúrò nínú omi. Sísè tiẹ̀ máa ń jẹ́ kó ki sí i ni. Omi bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ máa fi fọ ilẹ̀ nìkan títí èsì yóò fi dé.

A ń tọ́jú omi sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀fọn sì kún ilé lásìkò tí òjò ò rọ̀. Níbo ni wọ́n ti ń wá?

Inú dúrọ́ọ̀mù yẹn ni. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ẹ dé e pa, kí ẹ da ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì họ ara rẹ̀ nínú. Dída omi nù nìkan kò tó, torí irú ẹ̀fọn kan wà tó máa ń lẹ ẹyin mọ́ ara ike níbi tí omi parí sí. Ẹyin náà lè gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan kó tó pa nígbà tí omi bá tún kàn án.

Omi tánkì wa ti ń di àwọ̀ ewé.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọlé. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kun ìta rẹ̀ ní dúdú tàbí kí ẹ ṣe ibòòji lé e, kí ẹ sì wo ìdérí rẹ̀ bóyá ó ti là.

Bọ̀dá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Yàrá mi kò ní sílíǹ, páànù nìkan ló wà lókè. Mo fi aṣọ tútù sẹ́nu fáànù nígbà ọyẹ́, ó ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹta, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àbúrò, kì í ṣe fáànù rẹ ló bàjẹ́. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ, omi ara aṣọ ń tètè gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru lọ. Ohun tó ń jẹ́ kí omi inú ìkòkò amọ̀ tutù náà nìyẹn. Bí òjò kan tàbí méjì bá ti já, atẹ́gùn ti ní omi nínú, kò ráyè gba sí i. Aṣọ tútù á kàn sọ yàrá di ibi ooru olómi, bí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀bà. Gbé e kúrò, kó o jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí ara tó lómi díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀.

Láti aago mọ́kànlá àárọ̀, ti fèrèsé tó kọjú sí oòrùn, kó o fi aṣọ fúnfun bò ó. Ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ìta bá ti tutù ju inú lọ. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni kó o fi lé ẹ̀fọn. Tí onílé bá gbà, fi páálí tàbí sẹ́lótẹ́ẹ̀sì kan abẹ́ páànù, kó o fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn. Àlàfo yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Má fi páálí sún mọ́ wáyà iná.

Ìyá ọmọ kan nínú ilé kan náà bi mí bóyá kí òun máa fún ọmọ oṣù mẹ́ta ní omi nítorí ooru. Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ ni mo sọ fún un: ọmú léraléra, kì í ṣe omi, títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà.

Mò ń bomi rin ẹ̀fọ́ mi lójoojúmọ́, ó ṣì ń rọ. Tòmátì mi tanná, òdòdó ń já bọ́.

Mà, ẹ fi ìka bọ ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí ẹ bá bomi rin ín tán. Lọ́pọ̀ ọgbà tí mo ti ṣe é, òkè nìkan ló tutù. Kó tó kan gbòǹgbò, oòrùn ti gbé e lọ. Ẹ bomi rin ín kó wọlé dáadáa ní ọjọ́ kejì-kejì, ní àárọ̀ kùtù, dípò ìwọ́n-ìwọ́n ojoojúmọ́. Kí ẹ wá wo ewé gbígbẹ tí ẹ ń gbá jọ tí ẹ ń sun: òun gan-an ni ẹ̀fọ́ yín nílò. Ẹ tẹ́ ẹ bo ilẹ̀ láàárín wọn, kó má fara kan igi ẹ̀fọ́. Iná tí ẹ ń dá sí i nígbà ọyẹ́ kì í pẹ́ fò lọ sílé onílé. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára fún un. Èyí tó ní bílíìṣì tàbí ọṣẹ púpọ̀ kò dára.

Ti tòmátì, ooru ni. Bí ọ̀sán bá ń kọjá nǹkan bí 35°C, tí òru kò sì tutù, òdòdó rẹ̀ kì í fẹ́ so. Ẹ ṣe ibòòji fún un lọ́sàn-án, kí ẹ má rọ ajílẹ̀ lé e. Bí àyè yín bá kéré, wọ̀rọ̀wọ́ ni mo máa gbìn ní tèmi, abẹ́ kòkó ló ti mọ́ ọn lára, kò kórìíra ibòòji. Ẹni tó bá ní àkùrọ̀ kò tiẹ̀ ní láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ṣé kí a to dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún òjò àkọ́kọ́?

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ páànù. Eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ti alángbá ló wà lórí rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá. Tí omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ti mọ́ lójú, ẹ wá gbé dúrọ́ọ̀mù sí i. Èyí tó ti kọjá, ilé ìyàgbẹ́ ni kí ẹ fi ṣan. Kí òjò náà tó dé, ẹ wo ẹnu kànga. Tó bá tẹ́ bá ilẹ̀, àgbàrá àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ló máa lọ, tòun ti ohun tó gbé lọ́nà. Ríìǹgì kọnkéré kan lórí èyí tó wà níbẹ̀ ti tó, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìdí rẹ̀ yípo kí omi má bàa gba abẹ́ wọlé.